Mọ́tò Àlòkù Tí Kò Lè Fi Ẹ̀yìn Rìn

Mọ́tò tí ọkọ mi kọ́kọ́ rà láyé rẹ̀, iwájú nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá ti ọ̀pá jíà rẹ̀ síbi tó yẹ kó ti máa lọ sẹ́yìn, á kùn, á gbọ̀n jìgìjìgì, á sì dúró sójú kan bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà kúrò nídìí èèpo iṣu. Bí mo bá ń sọ ọ́ lónìí, àwọn ọmọ mi á ní mo ti ń fi iyọ̀ sí i. N kò fi iyọ̀ kankan sí i. Ìtàn yẹn ti dùn tó láyè ara rẹ̀.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà náà. Ifọ̀ ni ilé bàbá mi wà, nítòsí ojú irin, níbi tí a ti ń fi ìró ọkọ̀ ojú irin mọ ìgbà tí a ó gbé ọbẹ̀ kaná. Ọmọ Mowe ni ọkọ mi. Oko àti abúlé ni Mowe àti Ibafo jẹ́ láyé ìgbà yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé ilé á kún ibẹ̀ bó ṣe kún un lónìí, a ó ní kó lọ sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Gàrí, epo pupa àti ìrẹsì ni wọ́n ń mú wá láti ibẹ̀. Àwọn ìyá á gbé ẹrù karí láti ìdájí, wọ́n á máa bọ̀ lójú ọ̀nà pupa títí wọ́n á fi dé Ifọ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Bí ó bá ti lọ kí wọ́n tó dé, ó di kí wọ́n jókòó ti ẹrù, kí wọ́n máa na ẹsẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà nínú wọn. Ìdí igbá gàrí ìyá yìí ni èmi àti ọmọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ríra, mo sì ra gàrí lọ́jọ́ náà ju èyí tí wọ́n rán mi lọ.

Ohun tó wà lọ́kàn ọkọ mi ni pé kí òun ra mọ́tò tí yóò máa kó àwọn ìyá náà. Ó ti kọ́ mọ́tò wíwà lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Owódé Ẹ̀gbá, ó sì ti ń tọ́jú owó kí ó tó mọ̀ mí. Ọkùnrin kan sì wà ní Ifọ̀ tó ń ta mọ́tò àlòkù. Ẹlẹ́nu dídùn ni. Ó mọ oríkì ilé gbogbo ẹni tó bá wá rajà, èyí tí kò bá sì mọ̀, á dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkọ mi ti rí mọ́tò kékeré kan tó ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n ti gé ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n fi pákó kàn án kó lè gba èrò àti ẹrù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Ó ń dán.

Ọkọ mi kò lọ rà á lóun nìkan. Ó mú ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin dání. Wọ́n tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì, wọ́n tẹ táyà, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi wà á lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdúrókọ̀ ojú irin, ó yí ọjà ká, ó tún padà wá. Ó wá gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jíà pé kí òun rìn ín sẹ́yìn wò. Ni ẹlẹ́nu dídùn bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Rárá o, ọmọ mi,” ni ó wí. “Ọjọ́ tí ohun rere ń wọlé ẹni, ṣé ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ rìn?”

Ẹni tí kì í ṣe ara wa lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa kò fi irú rẹ̀ ṣeré. Ohun tuntun tó bá ń wọlé, iwájú ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ọ̀ràn ẹni tó ni ín má bàa máa lọ sẹ́yìn. Ìyá ọkọ mi gbá àyà mú, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọmọdé ni, kò mọ̀.” Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ náà mi orí, ó ní a kò rí oníṣòwò tó ń rántí àṣà bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ́ wọn jẹ nìyẹn, tí wọ́n sanwó, tí wọ́n sì tún fi àdúrà lé e.

Ní Mowe, gbogbo ilé tú jáde pàdé mọ́tò náà. Ọkọ mi gbé e síwájú ilé bàbá rẹ̀, imú rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ilẹ̀ mọ́, ó ní kí òun gbé e jáde, mọ́tò kọ̀. Ó pa á, ó tún tan án, ó fi ẹ̀bẹ̀ kún un. Ìyá rẹ̀ ní bóyá ìrìn àná ló ń rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó sinmi. Nígbà tó sinmi tán, ó tún kọ̀, ni àwọn ará ilé bá kó ara wọn jọ, wọ́n tì í jáde.

Ṣé ẹ ó gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé àwọn ìyá Mowe fẹ́ràn mọ́tò yẹn bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ti ń ru gàrí rìn láti Mowe dé Ifọ̀, kí ni mọ́tò títì jẹ́ lójú rẹ̀? Níbi tí àyè bá wà, ọkọ mi á yí po. Ní Mowe, ìdí igi máńgòrò kan ló ti ń yí. Ní Ibafo, ó ní láti kọjá abúlé tán pátápátá kí ó tó rí ibi tó fẹ̀. Níbi tí àyè kò bá sí, àwọn ìyá á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á di ìró wọn le, wọ́n á tì í, wọ́n á máa fi kọrin pé iwájú ni àwọn ń lọ, kí ẹ̀yìn máa bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ń dé Ifọ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Ayé wọn ti dára.

Èmi tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ni n kò mọ nǹkan kan. Ohun tí mo rí ni pé bí ọkọ mi bá wá kí mi, ojú títì ló ń gbé mọ́tò sí, á fi ẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò wa. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í gbé e dé ilé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní eruku ọ̀nà wa pọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo rò pé ilé wa ló ń tì í lójú, nítorí bàbá mi, káfíńtà ni, àgbàlá wa sì kún fún pákó àti èérún igi. N kò bá a sọ̀rọ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bí mo bá bínú, kì í ṣe kékeré.

Ọjọ́ tí àwọn ará ilé rẹ̀ wá tọrọ mi ni àṣírí tú. Wọ́n ru iṣu, wọ́n gbé obì, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́. Bàbá mi gbọ́ pé ojú títì ni mọ́tò wà, ó ní, “Àna mi kì í gbé ẹrù sí ìta. Gbé e wọlé wá, kí a gbàdúrà sí i.”

Ọ̀nà tóóró kan láàárín ilé méjì ló wọ àgbàlá wa, ìdáná ìyá mi ló sì kángun sí. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan, bàbá mi kò gbọ́. Ó wá wà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ojú rẹ̀ korò bí ẹni tó mu omi ewúro. A gbàdúrà, a ṣe àmín. Ìyá mi fẹ́ gbé ìkòkò ìrẹsì jáde ní ìdáná, imú mọ́tò dí i lọ́nà.

“Sún un sẹ́yìn díẹ̀, ọmọ mi,” ni bàbá mi wí.

Ọkọ mi ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Kò dìde.

“Mo ní kí o sún un sẹ́yìn.”

“Ẹ kú ìnáwó, sà.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń wú ikọ́ tí kò ṣe é. Ìyá rẹ̀ ló gbà wá, ó wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Kì í lọ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí a ti rà á ni.” Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, títí dé ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́nu dídùn fi dá wọn lẹ́kun.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ fò, nítorí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa ló ń tì í lójú. Ìgbà tí mo wo bàbá mi ni ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ó ní, “N kò sọ pé n kò fún ọ lọ́mọ. Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́ ọ jẹ, o sì gbé e mì. Lọ́jọ́ tí ayé bá fẹ́ rẹ́ ọmọ mi jẹ, ṣé wàá tún gbé e mì ni? Lọ bá ẹni tó tà á fún ọ. Bí o bá ti gba ẹ̀tọ́ rẹ, máa bọ̀, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Bí o kò bá gbà á, má tún ru iṣu wá mọ́.”

Bí ìtọrọ mi ṣe parí nìyẹn. Ará ilé wa àti tiwọn jọ ti mọ́tò jáde, ìyá mi sì bu ìrẹsì fún wọn lọ.

Mo sá tẹ̀ lé ọkọ mi dé ojú títì. Ó ní kí ni òun fẹ́ wí? Òun ló fi ọwọ́ ara òun sanwó, òun ló wà á lọ. Bí òun bá pariwo, gbogbo Ifọ̀ ni yóò mọ̀ pé òmùgọ̀ ni òun. Ara mi gbóná. Mo ní, “Ẹni tó tan èèyàn jẹ ló yẹ kí ojú tì, kì í ṣe ẹni tí wọ́n tàn. Ẹ lọ bá a. Mo lè dúró dè yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, n kì í lè dúró pẹ́.” Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun yóò lọ.

Ó lọ. Ẹlẹ́nu dídùn kí i, ó kì í, ó fún un ní omi tútù, ó wá sọ fún un pé ọjà tí a ti wò, tí a ti gbé lọ, ó ti di tẹni tó rà á. “Ṣé ẹ bi mí pé ó ń lọ sẹ́yìn? Ẹ kò bi mí. N kò purọ́.” Ọkọ mi kò bá a jà. Ó gba ọ̀dọ̀ bàbá àgbà ilé wọn lọ, ẹni tó jẹ́ àbúrò bàbá tó bí ẹlẹ́nu dídùn, àgbà àlùfáà tí àtọmọdé àtàgbà ní àdúgbò náà ń bọ̀wọ̀ fún. Bàbá náà gbọ́ ẹjọ́ tán. Ó ní kí ó gbé mọ́tò náà wá ní ọjọ́ Jímọ̀.

Bàbá mi lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Èmi náà lọ. Wọn kò rán mi níṣẹ́ kankan síbẹ̀, mo kàn gbé àtẹ ẹ̀pà karí ni.

Bàbá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá funfun. Ó ní kí wọ́n pe ẹlẹ́nu dídùn. “Mọ́tò tí o tà fún ọmọ yìí,” ni ó wí, “ṣé ó dára?”

“Ó dára, bàbá. Kò lábùkù.”

“Alihamudulilai. Orúnkún ń dùn mí lónìí. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o fi gbé mi lọ sí mọ́ṣáláṣí.”

Ẹlẹ́nu dídùn fẹ́ sọ pé kí wọ́n gbé mọ́tò òun mìíràn, ṣùgbọ́n bàbá ti ń wọ inú mọ́tò náà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mọ́ṣáláṣí yẹn, ẹnu ògiri ló pin sí, gọ́tà wà lọ́tùn-ún, gọ́tà wà lósì. Ọkùnrin náà wà á débẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, àwa yòókù sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n kírun. Nígbà tí wọ́n jáde, gbogbo jàmáà dúró láti kí bàbá àgbà. Bàbá tún gun mọ́tò, ó tẹ́ agbádá rẹ̀ dáadáa, ó ní, “Gbé mi padà sílé.”

Ẹlẹ́nu dídùn jókòó sídìí sítíárì. Ó tan ẹ́ńjìnì. Ó mú ọ̀pá jíà, mọ́tò kùn, ó gbọ̀n, kò kúrò. Ó tún gbìyànjú. Àwọn èèyàn ń wò. Bàbá àgbà fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ ṣeré.

“Kí ló ṣe é?” ni bàbá bi í.

“Bàbá, bóyá kí ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀.”

“N kò sọ̀kalẹ̀. O ní kò lábùkù. Gbé mi padà.”

Orí rẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà tó ní, “Bàbá, kì í lọ sẹ́yìn.”

“Ìgbà wo ni o mọ̀?”

“Kí n tó tà á.”

“Ó dáa. Bọ́ sílẹ̀, kí o máa tì.”

Bí ẹ bá rí ọkùnrin náà! Ó ká agbádá Jímọ̀ sí èjìká, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti iwájú mọ́tò, ọkọ mi di sítíárì mú, bàbá àgbà jókòó gbọin nínú rẹ̀, ó ń dáhùn ìkíni lọ́tùn-ún lósì bí ọba tó ń ti òde bọ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ ràn án lọ́wọ́, bàbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀pà dà nù lórí àtẹ mi, n kò ṣà á. Bàbá mi tó ti ń fajú ro láti ọjọ́ ìtọrọ fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, bàbá àgbà kò pariwo. Ó ní ẹni tó bá ta ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn, tó mọ̀, òun ló yẹ kó sọ, kì í ṣe kó máa retí kí wọ́n bi òun. Àbùkù tí a mọ̀ tí a kò sọ, ẹ̀tàn ni níwájú Ọlọ́run. “O tún wá fi àṣà àwọn bàbá wa bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.” Ó kọjú sí ọkọ mi, ó ní, “Ọwọ́ rẹ ló wà báyìí. Bí o bá fẹ́, dá mọ́tò padà kí o gba owó rẹ pé. Bí o bá fẹ́, yóò tún un ṣe láti àpò ara rẹ̀. Yàn.”

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni bàbá mi ń wò.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá. Mo fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni yóò wà títí yóò fi lọ sẹ́yìn lójú mi. Àwọn ìyá Mowe kò sì gbọ́dọ̀ tún máa ru ẹrù rìn nítorí èyí. Títí a ó fi tún un ṣe tán, kí wọ́n máa fi mọ́tò tiwọn kó àwọn ìyá náà.” Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, kò sì sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan. Bàbá àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹlẹ́nu dídùn fúnra rẹ̀ ló ń wa mọ́tò lọ sí Mowe lọ́jọ́ ọjà. Àwọn ìyá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi í bóyá òun náà mọ ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí ó fi ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì kọ́ oríkì wọn níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí jíà rà ní Èkó, ọkọ̀ ojú irin ló gbé e wá, mẹkáníìkì sì fi í sí i. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá ra mọ́tò lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ rìn ín sẹ́yìn wò.

Wọ́n tún padà wá tọrọ mi. Ọkọ mi wa mọ́tò wọ àgbàlá, ó fi ẹ̀yìn rìn ín jáde, ó tún wà á wọlé, ìyá mi sì gbé ìkòkò rẹ̀ kọjá. Èmi kúnlẹ̀ sí àárín àgbàlá, mo ń retí kí wọ́n ní kí n gba obì. Bàbá mi bá dìde.

Ó ní, “Ọmọ mi kì í ṣe ọjà. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá mi lọ́la pé mo mọ̀, n kò sọ. Ó máa ń tètè bínú. Bí ó bá bínú, kì í gbọ́ ìpè. Bí ó bá se ẹ̀wà, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò wò kí ẹ tó yìn ín.”

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Ara mi gbóná, n kò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí.

Ọkọ mi ní, “Mo ti mọ gbogbo rẹ̀, sà, àfi ti ẹ̀wà. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.”

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ìyàwó tí wọ́n ń tọrọ kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn irú ẹni tí mo jẹ́. Mo gbé ojú sókè, mo ní, “Ó ku tiyín. Ẹ sọ tiyín.”

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ọkọ mi kọjú sí mi. “Èmi, mo máa ń fi nǹkan pamọ́,” ni ó wí. “Ọjọ́ kejì tí a rà á ni mo ti mọ̀ pé mọ́tò yìí kò pé. Mo ń wò ọ́ lójú, mo ń sọ fún ọ pé eruku ni. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe fún mi, èmi náà ṣe é fún ọ. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí o bá mọ̀, o ò ní fẹ́ mi mọ́.”

Omijé bọ́ lójú mi níwájú àwọn àna mi, n kò nù ún. Wọn kò tíì fi obì lọ̀ mí tí mo fi na ọwọ́, mo mú un nínú àwo, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé mo ti gbọ́ àbùkù rẹ̀, mo ti wò ó, n kò sì ní dá a padà.